Orúnkún Clem Wasko

Bí a bá yọ Bernadine ìyàwó rẹ̀ kúrò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní gbogbo Tannery Gap pé ẹ̀yìn ni Clem Wasko fi ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Láràárọ̀, á kọjú sí òkè, á di irin àtẹ̀gùn mú gírígírí, á wá máa sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Orúnkún ọ̀tún ló ń bá a jà. Bernadine á gbé kọfí dání nísàlẹ̀, á máa wò ó, kò ní sọ nǹkan kan, torí ó ti sọ ọ́ títí, ẹnu rẹ̀ ti bó. Bí Clem bá dé ilẹ̀ tán, á nàró bí ọkùnrin tí nǹkan kan ò ṣe, á gba kọfí, á ní oorun òru àná dùn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Clem. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì ìlú náà, ó sì tún wà lára àwọn panápaná Apá Ìsàlẹ̀, àwọn tí kì í gbowó ṣùgbọ́n tí wọn kì í jẹ́ kí ilé aládùúgbò wọn jó. Apá Òkè náà ní panápaná tiwọn. Ìlú kékeré bẹ́ẹ̀, kí ló ń fi ẹgbẹ́ panápaná méjì ṣe? Ẹ má bi mí. Àwọn bàbá wọn tó ń wa èédú ló jà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ò sì tíì rí àyè parí ìjà ọ̀hún. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìdúpẹ́ lọ́dọọdún, kí tòlótòló ọdún tó jáde nínú ààrò, Òkè àti Ìsàlẹ̀ a máa pàdé ní pápá ẹ̀yìn ilé ìwé, wọ́n a gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ o. Èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sá ni, tí àwọn yòókù á máa fi ara wó ẹni tó gbé e mọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fìdí rẹmi ni yóò máa fọ ọkọ̀ panápaná ti èkejì ní gbogbo ìgbà òtútù, pẹ̀lú omi tó ń gé ọwọ́ jẹ.

Ọdún márùn-ún rèé tí Apá Ìsàlẹ̀ ò ti fọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, Clem ló sì fà á. Láìnbákà ni, ìyẹn ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn àwọn òmìrán tó ń forí gbárí níwájú, tó ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà bọ̀, tí yóò sì lọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù gba àárín wá bá Clem, ògiri ló wá bá. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ojú rẹ̀ ṣì mú bí abẹ: kí ajubọ́ọ̀lù tó mọ ibi tí òun fẹ́ jù ú sí, Clem ti mọ̀. Àmọ́ ojú kì í sáré.

Ní oṣù kẹjọ, dókítà fi fọ́tò orúnkún ọ̀hún hàn wọ́n, ó ní bó bá tún yí lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn máa yọ eegun ibẹ̀ dànù, àwọn á sì fi irin rọ́pò rẹ̀. Clem dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó ní tó bá ti di ẹ̀yìn Ọjọ́ Ìdúpẹ́, òun á ronú sí i. Ohun tó sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ló lè mú un kúrò lórí pápá. Àwọn awa-èédú àtijọ́ ló fi í lélẹ̀: ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nínú eré kan, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e débẹ̀, àsìkò rẹ̀ ti tó. Rẹfirí kì í kà á. Kóòṣì kì í kà á. Ọkùnrin náà ló ń kà á fúnra rẹ̀, bó bá sì ti pé mẹ́ta, á ṣí akoto rẹ̀, á gbé e fún ọ̀gá ẹgbẹ́, ó parí. Bàbá tó bí Clem ka tirẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Clem ti sọ fún Bernadine pé ọ̀nà yẹn nìkan lòun máa gbà kúrò, Bernadine sì mọ̀ pé kò purọ́, torí ọkùnrin náà lórí kunkun ṣùgbọ́n kì í parọ́ bó bá di ọ̀rọ̀ eré yìí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀. Orí kunkun ló ń pa Apá Òkè náà. Lọ́dọọdún, àárín ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sanra ju ti èṣí lọ, wọ́n á ní kó lọ wó Clem, Clem á sì wó òun náà. Bernadine á wà lórí ọkọ̀ panápaná Apá Ìsàlẹ̀, á máa fi fóònù ya eré náà, torí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ogún ọdún sẹ́yìn, látìgbà tí kámẹ́rà ṣì tóbi bí àpótí. Inú á máa bí i sí Clem, inú á sì máa bí i sí àwọn òmùgọ̀ tí kò lè rí ohun tí òun ń rí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n ṣeré tọdún yìí, ó gba ilé Gerard lọ. Gerard Hudock ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun náà sì ni kóòṣì Apá Òkè. Apá Òkè ni wọ́n bí Bernadine sí, ọkọ ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó bá Gerard nínú yàrá abẹ́ ilé, tó ń rọ ẹran lílọ̀ sínú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ láti fi ṣe sọ́séèjì ọdún. Bernadine ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó ń yí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gba sọ́séèjì náà bó ṣe ń wú bọ̀. Ó yí i títí tí sọ́séèjì fi gùn ju tábìlì lọ kó tó la ẹnu.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe Clem lọ́dún yìí?"

"Bá a ṣe máa ń ṣe é náà ni," Gerard ní. "Koby Rees tó ń gbé bọ́ọ̀lù wa ti sanra sí i."

"Ẹ ò wá ní gbọ́n láéláé."

Gerard wò ó. "Kí ló kàn ẹ́ ńbẹ̀, ìyàwó Apá Ìsàlẹ̀?"

Bernadine ní ohun tó kan òun ni pé Clem ò lè sáré mọ́. Gerard rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ìyẹn ni ìròyìn tó gbé wá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Clem ti ń dàgbà, ohun tí àwọn ò mọ̀ ni ibi tó ti gbó jù. Ó ní bí àgbàdo bá gbó, èèyàn ṣáà máa ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ fọwọ́ tẹ Clem Wasko wò?

"Èmi mọ ibẹ̀," Bernadine ní.

Gerard dáwọ́ dúró, ìfun náà sì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Bern, ọkọ ẹ lo fẹ́ tà yìí?"

"Mi ò tà á. Mo fẹ́ gbà á padà ni. Lójoojúmọ́ ló ń fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nílé mi, Gerard. Á dé ìsàlẹ̀, á máa purọ́ fún mi nípa oorun, èmi náà á máa ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ó sú mi."

Ó wá fa ìwé tẹ́tẹ́ bíńgò kan yọ nínú àpò, ó yí i padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú pé àwọn ń gba àárín, torí ẹni tó bá lọ kojú Clem, iṣẹ́ ló ń bá a dínkù. Kí wọ́n jẹ́ kí ó sáré. Sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó ṣì dáa, torí ẹsẹ̀ òsì ló fi ń ti ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ yà sí òsì, orúnkún ọ̀tún ló máa fi tẹlẹ̀, orúnkún ọ̀hún a sì máa kọ́kọ́ rò ó wò kó tó gbà. Kò ju ìṣẹ́jú ojú kan lọ, ṣùgbọ́n kí lẹni tó lẹ́sẹ̀ bíi ti Koby ò lè fi ìṣẹ́jú ojú kan ṣe? Ojú Clem ló sì yẹ kí wọ́n fi mú un, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ojú ló kù tó gbọ́kàn lé. Kí ajubọ́ọ̀lù ṣe bí ẹni pé òun gbé bọ́ọ̀lù fún Koby láti gba àárín. Clem á tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣe kó má tẹ̀ ẹ́, ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà yẹn ni kí Koby yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì, kí wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù náà gba orí Clem lọ bá a.

"Òsì ti Clem o," ó ní, "kì í ṣe òsì tiyín. Ẹ má sì jẹ́ kó sinmi. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún tò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Ó wá gbé ìka sókè. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ forí sọ ẹsẹ̀ Clem. Kí wọ́n sá fún un ni, kí wọ́n má gbá a. Ẹni tó bá fara kan orúnkún yẹn, òun á sọ̀ kalẹ̀ látorí ọkọ̀ panápaná wá bá a fúnra òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni kí wọ́n sì ṣe é, lẹ́yìn náà kí wọ́n padà sídìí wèrè wọn.

Gerard wo ìwé náà títí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ká ní bàbá àwọn ti ní kí Bernadine ṣe kóòṣì ni, Apá Òkè ì bá má ti mọ bí ọkọ̀ panápaná ẹlòmíì ṣe rí. Bernadine rán an létí pé àkàrà pòtétò ni bàbá àwọn ní kí òun máa dín. Àwọn méjèèjì búra pé ọ̀rọ̀ náà ò ní jáde, Bernadine gba sọ́séèjì mẹ́rin, ó sì lọ sílé lọ dáná fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìmọ̀ lé lórí.

Àárọ̀ ọjọ́ náà tutù, koríko pápá funfun báláú. Àwọn obìnrin Òkè àti ti Ìsàlẹ̀ ti gbé agbada wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń dín àkàrà pòtétò, wọ́n sì ń sọ fún oníbàárà pé ti ẹnì kejì ti mu epo jù. Bernadine gun orí ọkọ̀ panápaná, ó jókòó, ó tan fóònù. Clem tó wà lórí pápá gbójú sókè, ó juwọ́ sí i, bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún. Díẹ̀ báyìí ló kù kí Bernadine sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n ó rántí àtẹ̀gùn, ó jókòó pa.

Ní ìdajì àkọ́kọ́, àárín ni Apá Òkè tún ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Clem gbé Koby Rees ṣánlẹ̀, ó sì ń fà á dìde bí ẹni ń gbé ọmọ rẹ̀. Koby, tí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ, bi í léèrè nígbà kejì pé, "Bàbá Wasko, ṣé ẹ ò ní fẹ̀yìn tì ni?"

"Ìwọ lo fẹ̀yìn lélẹ̀ yìí," Clem dá a lóhùn. "Èmi ṣì wà lórí ìdúró."

Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín dé òdìkejì pápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sinmi tán, Bernadine rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ìwé kan yọ nínú àpò, tó pe ajubọ́ọ̀lù àti Koby sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì ń fi ìka tọ́ka sí i.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù na bọ́ọ̀lù sí Koby, Koby fi ọwọ́ bo àyà bí ẹni tó gbé e. Clem tẹ̀ síwájú. Koby yọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì, bọ́ọ̀lù gba òkè orí lọ, ọmọ náà hán an, ó sì gbé e sá dé àárín pápá kí wọ́n tó mú un. Clem ti yíjú, ó ti rí gbogbo ẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni kò tètè gbà. Ó dúró, ó na ìka kan sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀, níbi tó rò pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Fóònù Bernadine rí i.

Wọn ò jẹ́ kó mí. Wọ́n tún tò, wọ́n tún ṣe é, Clem sì mọ̀ pé ó ń bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ò gbé e dé ibì kankan. Koby kọjá, kò sì dúró títí ó fi wọ ìlà ìkẹyìn. Àmì ayò ẹgbẹ́ méjèèjì wá dọ́gba. Apá Òkè hó yè. Clem na ìka kejì. Ó wolẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀, kò wò ó pẹ̀lú ìbínú, ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ajá àgbà tí wọ́n pè tí kò lè dìde mọ́.

Lẹ́bàá agbada, ẹnì kan pariwo pé kí wọ́n bá Wasko gbé àga wá, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Bernadine wọ eegun. Òun ló ṣètò rẹ̀, òun ló yàwòrán rẹ̀, ohun tó ń fẹ́ láti ọdún méjì ti ku ẹyọ kan, síbẹ̀ ó ń ṣe é bíi kó sọ̀ kalẹ̀ lọ gbá ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn létí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọdún mẹ́rìnlélógún kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlélógún.

Eré ku ìṣẹ́jú mélòó kan. Apá Òkè tò. Bernadine rí ẹsẹ̀ Koby tó yà díẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ló dé. Ajubọ́ọ̀lù na bọ́ọ̀lù sáàárín. Clem tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu Bernadine sì là kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

"Clem! Òsì! Òsì ẹ!"

Ohùn yẹn ni Clem ti ń gbọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá, kì í bi í léèrè ìdí. Kí orúnkún rẹ̀ tó ráyè rò ó wò, gbogbo ara rẹ̀ ti yà. Bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù ni, Clem sì ti wà níbi tó ń lọ, ó na ọwọ́, ó gbá a lulẹ̀.

Ariwo Apá Ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé ilé ìwé. Wọ́n ní oògùn ni bàbá náà ń lò. Lódìkejì, Gerard ṣí fìlà, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀ lórí ọkọ̀, ó sì la ọwọ́ méjèèjì sí i. Bernadine gbé fóònù bojú.

Clem nìkan ni kò hó. Ó wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, ó wo ajubọ́ọ̀lù, ó wá gbójú wo ọkọ̀ panápaná. Rẹfirí ti dá eré dúró díẹ̀. Clem rọra rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó ń tiro, kò sì tún gbìyànjú láti fi í pa mọ́.

"Bern," ó ní, "bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lọ́wọ́ ọmọ yẹn nígbà tó o pariwo."

Bernadine gbé fóònù kúrò lójú.

"Èmi tí mò ń ṣe é, mi ò mọ̀. Báwo nìwọ ṣe mọ̀?"

"Èmi ni mo yà á fún Gerard," Bernadine ní. "Àárín ni wọ́n á fi tàn ẹ́, o máa tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan, tó o bá wá fẹ́ yà sí òsì, orúnkún ẹ ò ní tètè gbà. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń rí i."

Clem gbé ọwọ́ lé irin ọkọ̀ náà. Bernadine ń dúró de ìbínú, ó tiẹ̀ ti ń wá èsì tó máa fọ̀. Clem tún ètò náà rò, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ètò yẹn dáa gan-an," ó ní. "Kí ló wá dé tó o bà á jẹ́?"

"Wọ́n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín pa Clem. Ó rín in títí ó fi fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ nu ojú, Bernadine náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rín bó ṣe ń sunkún. Nígbà tí Clem dákẹ́, ó bi í léèrè pé ká ní kò pariwo ńkọ́. Bernadine ò fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u nínú ilé yẹn. Ó ní Koby ì bá ti kọjá.

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló gbé mi débẹ̀ nìyẹn." Clem gbé ọwọ́ sókè, ó na ìka mẹ́ta níwájú gbogbo ayé. "Ó ti pé."

"Clem, kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ẹni tó ń kà á mọ̀."

Ó ṣí akoto, ó gbé e lọ fún ọ̀gá ẹgbẹ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ rò pé ó ti forí gbá ilẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni gbogbo àwọn rí, pé Clem fúnra rẹ̀ ló gbá ẹ̀ẹ̀kẹta dànù. Clem ní Bernadine ló gbá a dànù. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ò lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba akoto náà, torí òfin ni. Koby ló kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀ lórí, lẹ́yìn náà Apá Òkè lápapọ̀, lẹ́yìn náà Apá Ìsàlẹ̀, pápá sì dákẹ́ débi pé epo inú agbada nìkan là ń gbọ́. Ohun tí Bernadine ti ń tọrọ láti ọdún méjì ló dé yìí, ó dùn ún, ó sì dùn mọ́ ọn, kò mọ èyí tí ì bá mú níbẹ̀.

Clem gun orí ọkọ̀ wá, Bernadine fa ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó tì í. Kò tíì wo eré yìí láti òkè rí. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀, eré sì tún bẹ̀rẹ̀. Clem wo ọ̀tún, ó wo òsì, ẹnu yà á pé gbogbo nǹkan hàn kedere tó báyìí, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì mọ̀. Ó ní ṣé ibí yìí ni Bernadine ti ń wo òun ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Gerard tún fa ìwé bíńgò yọ. Clem fi ìgúnpá ta ìyàwó rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe báyìí? Sọ fún mi, kí n pariwo sí ọmọ yẹn."

"Mi ò sọ."

"Bern."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò lè da ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan."

Clem rò ó wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó sún mọ́ ọn, ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó ki ọwọ́ bọ àpò kí òtútù má bàa mú un, òun ló kàn láti ya ìyókù.